Ọwọ́ Epo Kì í Ṣe Ọwọ́ Òpè

Bí ọ̀rọ̀ mi bá le, ẹ fi orí jì mí, nítorí ara mi ni n óò kọ́kọ́ bá wí kí n tó bá ẹlòmíràn wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní sáà tí ó kọjá, ẹgbẹ́ wa ṣe àríyànjiyàn lórí ohun tí òbí jẹ ọmọ ní gbèsè. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ̀rọ̀ dìde, ó ní: "Bàbá tí ó bá pe ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí ìwé pé kí ó wá bá òun fọ kábúrétọ̀ alùpùpù àtijọ́, olè ni bàbá náà. Ọjọ́ iwájú ọmọ ni ó ń jí." Gbogbo ilé hó yèè. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, èmi náà sì pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo padà sí yàrá mi, tí mo fẹ́ fọ ọwọ́ jẹun, ni mo rí epo dúdú lábẹ́ èékánná mi. Ilé ni mo ti ń bọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, èmi àti bàbá mi sì ni a jọ fọ kábúrétọ̀ alùpùpù àtijọ́.

Olè tí wọ́n ń bú náà, bàbá mi ni. Ọmọ tí wọ́n jí ọjọ́ iwájú rẹ̀, èmi ni. Mo sì fi ọwọ́ tí epo wà lára rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí ó bú wọn. Ìtìjú yẹn ni ó jẹ́ kí n mú gègé lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn alùpùpù náà. Ọmọ Ìfọ̀n ni mí, ní agbègbè Ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń dá oko kòkó. Ní ọdún 1986 ni wọ́n ra àlòkù Yamaha DT125. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, DT-1, ni àwọn ará Jàpáànì kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1968 fún ẹni tí ó fẹ́ gun alùpùpù nínú igbó àti lórí òkè, kì í ṣe lórí ọ̀dà nìkan. Ìdí rẹ̀ ga nílẹ̀, táyà rẹ̀ ní eyín, sáláńsà rẹ̀ sì gba òkè kọjá kí omi má bàa tètè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà oko wa ní ìgbà òjò kò ní í bi mí léèrè ìdí tí olùkọ́ fi ra irú rẹ̀. Òun ni ó ń gbé kòkó wálé, òun náà ni ó ń gbé bàbá mi lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lápò.

Nígbà tí wọ́n pa Ọlúfọ̀n ti Ìfọ̀n lójú ọ̀nà ní Ẹlégbẹ̀ka ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, bàbá mi kò lọ sí oko ọ̀nà jíjìn mọ́. Alùpùpù náà, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti gan tẹ́lẹ̀, di ohun ẹ̀yìnkùlé. Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ifásitì bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí ó gba oṣù mẹ́jọ. Mo wà nílé. Mo sùn títí oorun fi sú mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi fi sípánà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní: "Wọ́n ti ti ilé-ìwé yín pa. Wá, kí a ṣí òmíràn."

A tẹ́ àpò kòkó sílẹ̀, a tú alùpùpù náà palẹ̀. Bàbá mi ní kí n to gbogbo bóòtù bí a ti ń yọ wọ́n, kí n sì máa kọ orúkọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sínú ìwé. Ọwọ́ wọn kò wọ àárín kábúrétọ̀ àti ara irin. Ọwọ́ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ ibẹ̀. Agbára àbúrò mi kò ká nọ́ọ̀tì tí ó ti dógùn-ún. Ti bàbá mi ká a. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Láti ilé-ìwé girama ni mo ti ń fi òwe yìí ṣe ẹ̀ṣọ́ àròkọ. Ọjọ́ yẹn ni mo tó fi ojú mi rí i.

A bá písítìnì tí ó lẹ̀ mọ́ inú búlọ́ọ̀kù. Nínú irú ẹ́ńjìnì yìí, ọ́ìlì tí ń ra písítìnì kì í dúró nísàlẹ̀ bíi ti mọ́tò. Epo tí ẹ́ńjìnì ń mu ni ó máa ń bá a wọlé. Pọ́ọ̀ǹpù tí ń bu ọ́ìlì náà ti kú láìsí ẹni tí ó mọ̀, irin sì ń fi ara ha irin títí ó fi gan. Bàbá mi ní kí n wọn ẹnu búlọ́ọ̀kù. Mo wọ̀n ọ́n: mìlímítà 56. Wọ́n ní kí n wọn ìrìn písítìnì láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo wọ̀n ọ́n: mìlímítà 50. "Ó yá, ṣírò iye tí inú rẹ̀ gbà." Mo ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ 123. "Èwo ni wọ́n kọ sí i lára?" Mo ní 125 ni. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sí ara nǹkan, má gbà á gbọ́ títí ìwọ náà yóò fi wọ̀n ọ́n."

Mo bi ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ léèrè: ta ni ó jí ìwé mi ní ọjọ́ yẹn? Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé girama, n kò rí ìdí kan tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ mọ bí a ti í wọn inú ohun róbótó. Ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti rí i.

Ṣùgbọ́n ìṣirò kọ́ ni ó wọ̀ mí lára jù. A gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí Ọ̀wọ̀, wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ ní ìdajì mìlímítà. A wá písítìnì tí ó bá a mu. Kọ́ńtáàtì tí ń pín iná, láti Nnewi ni ó ti wá. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ tò ó padà, bàbá mi mú písítìnì tuntun, wọ́n fẹ́ kọ ojú àmì ọfà tí ó wà lórí rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Mo ti ka ìwé kékeré tí ó bá a wá. Mo ní, "Bàbá, ìwé ní ọ̀dọ̀ sáláńsà ni kí ọfà náà kọjú sí." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n kà á, wọ́n yí písítìnì padà. Wọ́n ní: "Mo ṣì í. O ṣeun." Bí a bá ti fi í sódì, ẹnu ríìngì ì bá há sí ojú ihò, gbogbo iṣẹ́ wa ì bá sì fọ́ ní ọjọ́ kan.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ "mo ṣì í" lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí? A tọ́ wa pé àgbà kì í ṣì. Bí ó bá ṣì, ọmọdé kì í sọ. Olùkọ́ lè fún ọmọ ní máàkì nítorí pé ó mọ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò mọ bàbá ẹnikẹ́ni. Bí púlọ́ọ̀gì kò bá ta iná, kò ní í dìde fún olóyè, kò ní í dìde fún ọ̀mọ̀wé. Níwájú irin nìkan ni mo ti rí i kí ọmọ sọ òótọ́ fún bàbá láìjẹ́ àfojúdi, kí bàbá sì gbà á láìjẹ́ ìtìjú. Ilé-ìwé wo ni ó ń kọ́ni ní èyí?

Mo wá sí ọ̀rọ̀ èdè, tí ó jẹ́ iṣẹ́ mi. Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé Yorùbá dára fún oríkì àti ààlọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí ó jẹ mọ́ ẹ̀rọ. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò jókòó sí ìdí mẹkáníìkì rí. Lẹ́nu àwa Yorùbá, ẹ́ńjìnì ń mu epo, ó ń jẹ ọ́ìlì, ó ń wúkọ́, ó ń kú, a sì ń jí i. Ó ní ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Gbogbo ìmọ̀ tí a ní nípa ara ènìyàn ni a fi ń yẹ irin wò: bí ó bá ń wúkọ́, a mọ̀ pé ohun kan há a lọ́fun, a sì lọ wo kábúrétọ̀. Èyí tí a kò ní, a yá a, a wọ̀ ọ́ ní aṣọ Yorùbá: púlọ́ọ̀gì, sípánà, sáláńsà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń bẹ̀rù ti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Faransé àti Látìnì títí, kò sẹ́ni tí ó sọ pé ó ti kú.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àlá pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kí ni a fi ẹ̀rí yẹn ṣe? Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Ohun tí ìjọba fi gègé kọ, ìjọba lè fi gègé pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n èdè tí bàbá mi fi kọ́ mi bí iná ti ń dé ẹnu púlọ́ọ̀gì, mínísítà wo ni ó lè wọ́gi lé e?

Mo mọ ohun tí ẹ óò sọ. Ẹ óò ní àwọn baba wa jà kí ọmọ àgbẹ̀ lè kàwé. Òótọ́ ni. Olóyè Michael Adékúnlé Ajásin, ọmọ Ọ̀wọ̀, wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọdún 1955. Bí kì í bá ṣe irú wọn, bàbá mi ì bá má di olùkọ́. Ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ kan náà ni àwọn baba ńlá rẹ̀ gbẹ́ eyín erin tí ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní, kò sì sí ẹni tí ń wò ó tí ó ń pe àwọn tí ó gbẹ́ ẹ ní òpè. Ètò 6-3-3-4 tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982 pàápàá fẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ kọ́ iṣẹ́ ní ilé-ìwé girama. Mélòó nínú wa ni ó fi ọwọ́ kan sípánà níbẹ̀? Ìwé àti ọwọ́ kì í ṣe orogún. Àwa ni a sọ wọ́n di orogún, nítorí a fẹ́ kí àwọn ará ilé mọ̀ pé a ti ga jù wọ́n lọ.

Ẹlòmíràn yóò ní alùpùpù ń pa ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, n kò ní í fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwa náà ní ojúlùmọ̀ tí ó gun alùpùpù jáde tí kò padà. Ṣùgbọ́n àtúnṣe ni mo ń sọ, kì í ṣe gígùn. Àbúrò mi mọ bí a ti ń ṣe kọ́ńtáàtì jù mí lọ, kò sì tíì gun alùpùpù náà jáde. Kò ní í gùn ún títí yóò fi dàgbà, tí yóò gba ìwé àṣẹ, tí yóò dé akoto. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ìjánu alùpùpù palẹ̀ mọ bí ohun tí ń dá a dúró ti kéré tó. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í fi í ṣeré.

N kò ní kí a yọ ọmọ kúrò ní ilé-ìwé. N kò ní kí ẹni tí kò ní alùpùpù lọ wá òkú irin rà. Bí rédíò ni ó bàjẹ́ nílé yín, bí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá yín ni, ẹ jọ tú u. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun fún ìmọ̀ tuntun, iṣẹ́ ribiribi ni ẹ ń ṣe. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, ẹ gbé e lọ sí ìdí mẹkáníìkì, kí ẹ wò ó bóyá ẹnu ẹni tí epo wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò gbà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún náà, bàbá mi ní kí n tẹ kíìkì. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ẹsẹ̀ mi fi ń gbọ̀n. Ó wúkọ́, ó tu èéfín funfun, ó sì dìde. Adìẹ sá. Ìyá mi jáde láti ilé ìdáná, ó ní òun rò pé bàbá mi ti oko dé.

Bí ẹgbẹ́ wa bá tún ṣe irú àríyànjiyàn yẹn, tí ẹnìkan sì tún pe bàbá mi ní olè, mo ṣèlérí fún yín pé n óò dìde. Ẹ óò mọ̀ mí: èmi ni epo wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.