Ẹmu kì í rìnrìn-àjò, àwa la ó lọ bá a

Ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń ka ojú ewé yìí ló kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Ó ní owó díẹ̀ bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun àti ìyàwó òun sì fẹ́ rìnrìn-àjò lọ tọ́ wáìnì wò. Ó ní ṣé ilẹ̀ Faransé ni kí àwọn gbà lọ ni, àbí Gúúsù Áfíríkà? Ó tún fi kún un pé òun kò fẹ́ èyí tí gbogbo ayé ti mọ̀. Oríṣi tí orúkọ rẹ̀ kò tíì kún ẹnu ènìyàn ni òun ń wá.

N kò ní bá a jiyàn lórí Gúúsù Áfíríkà. Ibẹ̀ ni Stellenbosch wà, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold ti mú oríṣi àjàrà méjì, Pinot Noir àti Cinsaut, pọ̀ mọ́ra ní 1925, tí wọ́n fi bí èyí tí wọ́n ń pè ní Pinotage lónìí. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ yóò rí nǹkan mu. Ṣùgbọ́n wáìnì inú ìgò mọ ọ̀nà wá fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ òkun ń gbé e wá, ó sì wà lórí àtẹ ní Ìbàdàn níbẹ̀ yẹn. Ọtí tó yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ wọ mọ́tò ni èyí tí kò lè wá bá a nílé, mi ò sì mọ òmíràn tó ju ẹmu lọ.

Ẹmu kì í rìnrìn-àjò. Omi dídùn ni ọ̀pẹ ń sun sínú akèrègbè ní òru. Kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn ẹ̀dá tíńtínní tí ojú kò rí ti ń sọ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí, yóò sì máa hó. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti le, agbára rẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti bíà. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́, ó ti kan gógó. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń sè é, tí wọ́n ń dé e mọ́ inú ìgò, mo sì ti mu ún. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fi fọ́tò ìyàwó ránṣẹ́ sí ọkọ. Akọni inú ìwé The Palm-Wine Drinkard, tí Amos Tutuola ọmọ Abẹ́òkúta gbé jáde ní 1952, rìn títí dé ìlú àwọn òkú nítorí pé adẹ́mu rẹ̀ já láti orí ọ̀pẹ, ó sì kú. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé kí wọ́n fi ẹmu ránṣẹ́.

Nítorí náà, ọ̀nà Èkó sí Abidjan ni mo júwe fún òǹkàwé wa yìí, ọ̀nà tí àwọn ará Èjìgbò ti ń tọ̀ láti ayé àwọn bàbá wọn.

Kí ó tó kúrò nílẹ̀ yìí rárá, kí ó kọ́kọ́ yà sí agbègbè Òkìtìpupa, kí ó mu ògùrọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ìlú ńlá kò mọ̀ pé ògùrọ̀ àti ẹmu ọ̀pẹ kì í ṣe ohun kan náà. Igi inú àbàtà ni ògùrọ̀ ti ń wá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi yẹn máa ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, á sì kú. Lójú tèmi, ògùrọ̀ fúyẹ́ lẹ́nu ju ẹmu ọ̀pẹ lọ, àárọ̀ kùtùkùtù sì ni ọba rẹ̀.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, sodabi ni wọn yóò gbé fún un. Ẹmu tí wọ́n sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ ni, bí ògógóró tiwa. Wọ́n ní orúkọ ìdílé àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ni Sodabi, àti pé ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ iṣẹ́ náà ní Faransé nígbà ogun àgbáyé kìn-ín-ní. Ní Gánà, akpeteshie ni. Ní Côte d'Ivoire, koutoukou. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, ìmọ̀ràn kan náà ni mo sì ní lórí wọn: igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ní 2015, ní Òde-Ìrèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mu ògógóró tí methanol wà nínú rẹ̀ tí wọ́n sì kú; ojú àwọn mìíràn kọ́kọ́ fọ́. Ojú kò lè dá methanol mọ̀, imú kò lè gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ́tọ̀. Kí òǹkàwé wa dúró lórí ẹmu.

Ó wá ku Abidjan. Kí ó má bẹ̀rù èdè, nítorí kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ Yorùbá lọ́jà. Anango ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Bangui ni wọ́n ń pe ẹmu, banguidrome sì ni ibi tí wọ́n ti ń jókòó mu ún. Ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí lè júwe Boribana fún un, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù létí ọ̀sà ní Attécoubé. Kí ó má wulẹ̀ wá a lọ. Èdè Dioula ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé eré sísá ti parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ìjọba àgbègbè Abidjan kó katakata wọ ibẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ léwu fún ẹ̀mí nígbà òjò. Àjọ Amnesty International sì ké gbàjarè nítorí àwọn tí wọ́n lé jáde níbẹ̀ àti ní àwọn àdúgbò mìíràn lọ́dún náà. Eré sísá tún bẹ̀rẹ̀.

Kí ni èyí kan ẹmu? Ó kàn án gan-an. Ẹni tó ń ta bíà lè kó àpótí rẹ̀ lọ sí òpin ìlú, bíà á dúró dè é. Ẹlẹ́mu kò ní irú ọ̀la bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò tó mọ̀ pé aago méje ni kẹ́ẹ̀gì ń dé, tó sì lè fẹsẹ̀ rìn wá, ni gbogbo ọjà rẹ̀. Tú àwọn aládùúgbò ká sí ibi mẹ́rin, ẹmu àárọ̀ á kan sí i lọ́wọ́. Ohun tó kù fún un ni kí ó bu omi àti sakarín lù ú kí ó lè rí i tà ní ìrọ̀lẹ́. Irú rẹ̀ ni adùn rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n lẹ́yìn tí ènìyàn ti gbé e mì.

Nítorí náà, kí òǹkàwé wa kúrò nínú ìlú, kí ó gba ọ̀nà Dabou ní ìwọ̀-oòrùn, ní ilẹ̀ àwọn Adioukrou, tí ọ̀pẹ jẹ́ ọrọ̀ wọn. Ohun tí yóò rí lè yà á lẹ́nu. Adẹ́mu tiwa ń fi igbà gun ọ̀pẹ, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀pẹ sì wà láàyè. Ní ọ̀hún, wọ́n sábà máa ń wó ọ̀pẹ lulẹ̀ ni, wọn á gbẹ́ ihò sí ọrùn rẹ̀, wọn á fi iná wú u lórí, á sì máa sun ẹmu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó gbẹ. Èéfín yẹn wà nínú adùn rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pẹ ogbó tí olóko fẹ́ gé kúrò kí ó lè gbin tuntun, mi ò rí àbùkù nínú rẹ̀. Kí ó mu ún dáadáa, kí ó fi attiéké àti ẹja yíyan tì í.

Toumodi ni ìdúró ìkẹyìn, lójú ọ̀nà Yamoussoukro, ní ilẹ̀ Baoulé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ẹmu lára ọ̀pẹ gíga inú ọ̀dàn tí àwọn Faransé ń pè ní rônier. Òun gan-an ni oríṣi tí òǹkàwé wa ń wá, tí orúkọ rẹ̀ kò kún ẹnu ènìyàn. Ṣùgbọ́n orí igi náà, níbi tó ti ń hù, ni wọ́n ń gé. Bí ẹmu bá ti tán, igi náà kú nìyẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ni òmíràn sì máa fi ń dàgbà. Mi ò ní ní kí ó má tọ́ ọ wò. Ife kan tó, kí ó sì san owó rẹ̀ láìná an. Kí ó rí i pé òun dé ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, kí ó sì mú ife tirẹ̀ dání.