Wọ́n Bí I Sínú Àgò, Wọ́n Ní Ọ̀sìn Ni

Àwọn alágẹmọ tí a mọ̀ ní agbègbè wa máa ń yé ẹyin ni, wọ́n á sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ṣùgbọ́n lórí àwọn òkè tó tutù ní Kẹ́ńyà àti Tànsáníà, oríṣi kan wà tí kì í yé ẹyin rárá. Jackson's chameleon ni orúkọ tí àwọn òyìnbó fún un. Akọ rẹ̀ ní ìwo 3 lórí. Abo máa ń gbé oyún fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè bí ọmọ 20 tàbí 30 lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ á jábọ́ láti orí ẹ̀ka nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á já a, á sì máa wá kòkòrò jẹ fúnra rẹ̀. Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.

Àwọn tó ń ta ẹranko ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń rí oníbàárà fún un dáadáa. Bí wọ́n bá mú abo tó ti lóyún nínú igbó, tí wọ́n gbé e wọ bàálù, inú àgò oníṣòwò ni yóò bímọ sí. Oníṣòwò á ní, "Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n bí wọn sí." Kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sin nǹkan kan.

CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó, kò gba irú ọgbọ́n yẹn. Lábẹ́ òfin rẹ̀, inú àhámọ́ ni akọ àti abo gbọ́dọ̀ ti gun ara wọn kí a tó pe ọmọ wọn ní ọmọ ọ̀sìn. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka oṣù oyún alágẹmọ ní pápákọ̀ òfurufú?

Mi ò lòdì sí sísìn wọn. Èyí tí wọ́n bá sìn ní tòótọ́ ń dín èyí tí wọ́n ń kó nínú igbó kù. Iṣẹ́ ńlá sì ni: ẹranko òkè ni, ooru ń pa á, ọmọ 30 sì ń fẹ́ kòkòrò kéékèèké lójoojúmọ́. Ní 1972, oníṣòwò kan ní Hawaii tú àwọn tó kó wọlé sínú ọgbà rẹ̀ kí ara wọn lè mókun. Wọ́n sá lọ, wọ́n bí sí i, wọ́n sì ń jẹ ìgbín ilẹ̀ náà títí di òní.

Bí ẹ bá wà lókè òkun, tí ọmọ yín ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ ra ọ̀kan (nílé níbí, ìyá mi á ti sá jáde), ẹ má béèrè ibi tí wọ́n bí i sí. Ẹ ní kí wọ́n fi akọ tó gun ìyá rẹ̀ hàn yín, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.