Oòrùn Ọ̀bà-Ilé kì í bá aago ṣọ̀rẹ́

Ẹni tó wà lóko l'Ọ̀bà-Ilé, tí bátìrì fóònù ẹ̀ kú, tí kò sì so aago mọ́wọ́, ojú ọ̀run ló máa wò. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà ṣe ń ṣe é kí aago tó dé. Ìyálẹ̀ta wà, ọ̀sán gangan wà, ọjọ́rọ̀ wà, kálukú sì mọ ìgbà tó yẹ kó dé ibi àdéhùn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó máa ń tan àwọn ará ìgboro jẹ. Wọ́n á ní bí òjìji bá ti wọ abẹ́ ẹsẹ̀, aago méjìlá ti lù nìyẹn. Irọ́ gbuu! Láti 1919 tí ìjọba òyìnbó ti fi aago Nàìjíríà síwájú ti Greenwich ní wákàtí kan, aago máa ń kọjá méjìlá dáadáa kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run lágbègbè Àkúrẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, nǹkan bíi 12.23 ni. Tó bá di oṣù kejì, á ti tó 12.53. Òjìji gan-an kì í sì í wọ abẹ́ ẹsẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni oòrùn ń dúró gangan lórí Ọ̀bà-Ilé, níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ti oṣù kẹsàn-án. Lóṣù Disẹ́ńbà, igi tó ga ní mítà kan á ṣì ní òjìji tó ju ìdajì mítà lọ lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó ri igi mọ́lẹ̀, kó máa wo ìgbà tí òjìji ẹ̀ bá kúrú jù. Àwọn Mùsùlùmí ṣì ń lo ọgbọ́n yìí: bí òjìji bá fi gígùn igi fúnra ẹ̀ ju ti ọ̀sán gangan lọ, àsìkò Alásárì ti wọlé.

Ti ìrọ̀lẹ́ ló léwu jù. Àwọn òyìnbó ní kéèyàn na ọwọ́ síwájú, kó fi ìka mẹ́rin wọn àlàfo tó wà láàárín oòrùn àti ilẹ̀, wọ́n ní wákàtí kan ló kù kí oòrùn wọ̀. Ó lè sún mọ́ bẹ́ẹ̀ n'Ílùú Ọba, níbi tí oòrùn ti máa ń rọra dagun wọ̀. L'Ọ̀bà-Ilé, ńṣe ló ń já wálẹ̀ tààrà, ìka mẹ́rin kò ju nǹkan bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tó bá gba tòyìnbó gbọ́, tó ní kóun ṣì wa iṣu díẹ̀ sí i, òkùnkùn ló máa ká a mọ́nà oko, nítorí bí oòrùn bá ti wọ̀, ogún ìṣẹ́jú lé díẹ̀ ni ilẹ̀ á ti ṣú. Ṣé ta ni ò sì mọ bí ọ̀rọ̀ ajínigbé ṣe rí láyé ìsinyìí?

Bí ojú ọjọ́ bá ṣú ńkọ́? Òdòdó tannápowó wà, ọjọ́rọ̀ ló máa ń ṣí, òun làwọn òyìnbó fi ń pè é ní òdòdó aago mẹ́rin. Àmọ́ kò ṣeé búra lé, ojú ọjọ́ tó ṣú lè mú un ṣí ṣáájú. Àkùkọ sàn jù ú lọ. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kan ní Nagoya, ní Japan, fi àkùkọ sínú ilé tí iná ẹ̀ kì í tàn ju bàìbàì lọ tọ̀sán-tòru, síbẹ̀ ó ń kọ lásìkò tó yẹ, aago wà nínú ara ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé iná àti igbe àkùkọ míì lè mú un kọ. Nítorí náà, èyí tó bá kọ laago méjì òru nínú ẹ̀sítéètì, ó lè jẹ́ iná mọ́tò lánlọ́ọ̀dù tó pẹ́ wọlé ló rí. Kí ìyàwó onítọ̀hún bi í níbi tó ti ń bọ̀.