Kí A Tó Ra Pátì, Ẹ Jẹ́ Kí A Ka Ìyípo

Ní ọdún tó kọjá, mo jẹ́ kí bàbá kan ná 150 pọ́n-ùn sórí ohun tí kò bàjẹ́. Inú ẹ̀ka wa yìí ni mo ti gba oyè nínú ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ kí n tó wá sí Ìlú Ọba, nítorí náà ẹ̀yin ló yẹ kí n jẹ́wọ́ fún. Lẹ́yìn ìjẹ́wọ́, mo ní ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa ṣe.

MGB tí wọ́n ṣe ní 1972 ni mọ́tò bàbá náà. Abingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe irú mọ́tò kékeré tó nífẹ̀ẹ́ eré sísá yìí láti 1962 títí di 1980, iye tó sì jáde lé ní 500,000. Kò ní ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ fa sítíárìn; apá ẹni ló ń ṣe é. Ohun tí bàbá náà rojọ́ ni pé sítíárìn rẹ̀ ń le, ó ń rọ̀, ó tún ń le, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ń di í mú tó sì ń jù ú sílẹ̀. Tó bá le délẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn. Èyí ń yan ibi tó ti máa le.

Ẹnu mi yá. Mo ní, "Rack ni, sà." Ó gbà mí gbọ́ nítorí ìwé ẹ̀rí mi. Ó ra rack tuntun, a sì fi Sátidé méjì dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò ká tó dè é tán. A wà á jáde. A kò tíì dé ìkòríta tí nǹkan náà fi tún dì í mú. Bàbá kò sọ nǹkan kan. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi.

Èrò mi nìyí: àwa tí a kàwé kò sàn ju mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ títì tí a máa ń fi rẹ́rìn-ín lọ. Òun á ní, "Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ wò." Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, kìkì pé gírámà tèmi pọ̀ jù. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n àwa kì í bi mọ́tò ní ìbéèrè kí á tó tú u.

Nígbà tí ojú tì mí tán, mo bèèrè. A fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò, a gbé e lé orí ìdúró tó dájú, táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀. Mo yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ibi tó bá ti le, mo lẹ tẹ́ẹ̀pù pélébé kan mọ́ ọn. Láti ìpẹ̀kun òsì dé ìpẹ̀kun ọ̀tún, bí ìyípo mẹ́ta ni sítíárìn náà ń yí. Nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, ibi méjì kan náà ló ń le, wọ́n sì dojú kọ ara wọn.

Tẹ́ẹ̀pù méjì yẹn ti dáhùn. Bó bá jẹ́ eyín rack ló jẹ tàbí rack fúnra rẹ̀ ló tẹ̀, ibì kan pàtó nínú gbogbo ìrìn rẹ̀ ni ì bá ti máa le, kì í ṣe ní gbogbo ìyípo. Bó bá jẹ́ ọ̀pá sítíárìn ló tẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìyípo kan ni à bá retí. Bó bá jẹ́ pé ó ń le nígbà tí táyà wà nílẹ̀, tó sì rọ̀ nígbà tí a gbé e, à bá wo afẹ́fẹ́ táyà àti kingpin tí kò rí gíríìsì. Kí ló wá ń ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan? Oríkèé tó so ọ̀pá sítíárìn mọ́ rack ni, èyí tí a ń pè ní universal joint.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: a kọ́ ọ ní kíláàsì, mo sì yege nínú rẹ̀. Bí igun oríkèé bá jẹ́ 20°, tí ẹrù tó ń yí sì dúró sí 10 Nm, ọwọ́ awakọ̀ á máa gba nǹkan bí 9.4 sí 10.6, á lọ, á bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan. Bó bá jẹ́ 30°, á di 8.7 sí 11.5. Ìyẹn ni pé oríkèé tó yè kooro kàn ń mí ni. Bó bá wá di ọwọ́ mú gidi, yálà igun rẹ̀ ti pọ̀ jù tàbí ìpata ti mú un.

A tú oríkèé náà. Ọ̀pá sítíárìn nìkan ń yí fẹ̀rẹ̀, rack nìkan náà ń yí. Oríkèé ọ̀hún tẹ̀ síhìn-ín bí ìgbúnwọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀nà kejì, ó ké bí ilẹ̀kùn tó dípata. Òjò àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ló fà á. A fi tuntun sí i, a sì rí i dájú pé ọ̀pá sítíárìn àti ọ̀pá rack dojú kọ ara wọn ní àárín oríkèé náà gan-an, kí tuntun má baà kú ikú ti àtijọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé àkókò lówó lórí, pé kí á pààrọ̀ ohun tó jọ pé ó bàjẹ́ ká sì máa lọ. Bó bá jẹ́ gílóòbù iná, mo gbà. Ṣùgbọ́n Sátidé méjì ni mo fi pààrọ̀ rack. Tẹ́ẹ̀pù kò gbà mí ní wákàtí kan. Àtúnṣe àṣìṣe sì lè bí ewu. Àárín rack ni eyín ti ń jẹ jù. Ẹni tó bá fún un mọ́ra kí àárín má baà mì mọ́, á rí i pé ó ń há nígbà tó bá yí kọ́nà. Ẹni tó bá sì tú u sílẹ̀ kó lè rọ̀, á gbé sítíárìn tó ń mì jáde sójú títì. Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀ka wa nìyí. Nígbà tiwa, ẹ́ńjìnnì tó dára ni wọ́n fún wa ní yàrá iṣẹ́ láti tú, ká sì tún un tò. Ẹ fún àwọn àbúrò wa ní èyí tó ní àrùn. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan sípánà títí tó fi kọ àyẹ̀wò mẹ́ta sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan yóò túmọ̀ sí. Kí ẹni tó bá fi hàn pé pátì kan kò jẹ̀bi gba máàkì, bí ẹni tó mú ọ̀daràn gan-an. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí mọ́tò yín ń ṣe wàhálà, ẹ gbé e wá.

Rack àtijọ́ bàbá náà ṣì wà ní kọ̀rọ̀ gáréèjì rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe é. Mo ń rí i nígbàkúgbà tí mo bá lọ kí i.