Ẹja La Pàtẹ, A Ò Pàtẹ Ojú Wa

Ní ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo wa ń pè é nílé. Ẹja ló ń tà ní ọjà Olúwo, ó sì máa ń bá ẹni tó bá rà á ṣe é: yóò họ ìpẹ́ rẹ̀, yóò la ikùn rẹ̀, yóò fa ìfun jáde, yóò sì gé e bí onítọ̀hún bá ṣe fẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa pọn omi, kí n máa da yìnyín sórí ẹja, kí n sì máa ka owó. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé inú ìwé ni mo ti rí ohun tí mo torí rẹ̀ fẹ́ bá yín jà.

Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá wo ọjà ni. N kò sọ pé ẹ̀yin tí ẹ máa ń wá ra ọjà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, bọ́ọ̀sì kan já àwọn ènìyàn bíi méjìlá sílẹ̀. Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, olúkúlùkù wọn sì gbé fóònù sókè bí ẹni tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá nǹkan. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bá fóònù rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń ṣàlàyé fún un pé ibí yìí ni àwọn ti wá wo ẹja ńlá, ó sì gbé e sún mọ́ ojú Ìyá Ẹ̀pẹ́ bí ẹni pé dókítà ojú ni òun. Ìyá ń la àrọ̀ lọ́wọ́. “Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín!” Ìyá rẹ́rìn-ín, torí ó rò pé oníbàárà ni wọ́n. Wọ́n ní kó gbé ọ̀bọ̀kún tó tóbi jù sókè, ó gbé e. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni mẹ́ta fi ya fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ mọ́ ẹnì kẹrin lọ́wọ́ sínú ẹrẹ̀, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n béèrè iye rẹ̀. Ìyá dá owó lé e, wọ́n ní ó ti wọ́n jù, wọ́n wá dárúkọ iye tí kò tó ìdajì ohun tí Ìyá fi rà á lọ́wọ́ apẹja ní ìdájí ọjọ́ náà. Kí Ìyá tó dáhùn, wọ́n ti kọjá sọ́dọ̀ àwọn alákàn.

Ìyá fi omi ṣan ọ̀bọ̀kún náà, ó dá a padà sórí yìnyín. Kò sọ nǹkan kan. Oníbàárà tó ti ń dúró de àrọ̀ rẹ̀ látìgbà náà ti bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìgbà tí a wọlé ní sáà tuntun ní Ìkòròdú ni mo tún rí wọn. Lẹ́yìn lẹ́sìnì ọ̀sán, ọmọ kíláàsì mi kan yọ fóònù, ó ní ká wá wo nǹkan. Fídíò ọjọ́ náà ni. Wọ́n ti fi orin sí i. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹja kún ọwọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ohùn Ẹ̀pẹ́ sọ iye ọ̀bọ̀kún, ṣùgbọ́n orin ti bo iye náà mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọjà tó dọ̀tí jù lọ tí àwọn dé rí nìyẹn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sín in jẹ. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò sọ pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Bí àwọn tí a jọ wò ó lọ́jọ́ náà bá rí ìwé yìí, ibí ni kí wọ́n ti kà á, nítorí n kò tíì lè fi ẹnu sọ ọ́ fún wọn.

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ó dà bíi pé wọ́n ti rí fóònù kí wọ́n tó pa òwe yẹn. Àwọn méjìlá wọ̀nyẹn la ojú sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí gbáko, síbẹ̀ kí ni wọ́n rí? Wọn kò rí i pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Ìyá ti wà létí ọ̀sà, níbi tí ọkọ̀ àwọn apẹja ti ń gúnlẹ̀. Wọn kò rí i pé àwìn ni ó fi gba ìdajì ẹja náà, àti pé kí oòrùn tó wọ̀, ẹni tó ni ín yóò wá gba owó. Yìnyín tí wọ́n rí, èkejì ni lọ́jọ́ náà. Ti àkọ́kọ́ ti yọ́. Aṣọ tí a kò rí tà lónìí, a ó tà á lọ́la. Ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Èyí tí a kò rí tà títí di ìrọ̀lẹ́, yíyan ni a ó yan án, owó igi sì di gbèsè mìíràn lórí gbèsè. Bí wọ́n bá béèrè, Ìyá ìbá sọ fún wọn èwo ló ti inú ọ̀sà wá àti èwo ló jẹ́ ti adágún, torí ọ̀pọ̀ àrọ̀ tí a ń rí lọ́jà lónìí, inú adágún ni wọ́n ti sìn ín, kódà lọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú. Ó máa ń sọ òtítọ́ yìí fún ẹni tó bá béèrè. Wọn kò béèrè. “Ẹ rẹ́rìn-ín” nìkan ni wọ́n mọ̀.

Mo ti gbọ́ èsì tí ẹ ó fún mi. Ẹ ó ní gbangba ni ọjà, kò sí ẹni tí kò lè wọ̀ ọ́, kò sì sí ohun tí ènìyàn kò lè yà níbẹ̀. Ó dára. Ẹ wọ báńkì lọ́la. Báńkì náà, gbangba ni, ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́. Ẹ gbé fóònù yín sún mọ́ ojú akọ̀wé tó ń ka owó, kí ẹ ní kó rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì rí ohun tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yóò fi ẹ̀yin náà ṣe. Ìsọ̀ tí Ìyá ń san owó rẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọ̀bẹ ló mú lọ́wọ́, akọ̀wé yẹn mú kálámù. N kò mọ ìdí tí ti kálámù fi gbọ́dọ̀ ní ọ̀wọ̀ ju ti ọ̀bẹ lọ.

Ẹ ó tún ní ẹ ń bá wa polówó ọjà. Èyí gan-an ni mo lọ bi Ìyá léèrè nígbà tí mo padà lọ kí i. Mo ní wọ́n ti gbé e jáde nínú fídíò, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti rí i. (N kò sọ fún un pé mo rẹ́rìn-ín.) Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Ṣé wọ́n dárúkọ mi?” Mo ní rárá. “Ṣé wọ́n sọ ibi tí ìsọ̀ mi wà?” Mo ní rárá. “Ṣé wọ́n sọ iye tí mo dá lé ọ̀bọ̀kún yẹn?” Mo ní orin ni wọ́n fi bò ó. Ó ní, “Kí wá ni wọ́n ń polówó?”

N kò rí èsì fọ̀ títí di òní.

Ní ti ọjà nínà, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọjà nínà dára. Ó máa ń dùn mọ́ Ìyá, bí oníbàárà bá sì mọ̀ ọ́n ná, Ìyá máa ń fi ènì sí i láìjẹ́ pé ó béèrè. Ohun tó ń bí mi nínú ni kí ènìyàn máa ná ohun tí kò ní í rà, fún eré. Ẹ̀yin kan náà, bí ẹ bá dé àwọn ilé ìtajà ńlá tó wà lójú ọ̀nà Lẹ́kí, iye tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ẹja tó ti dì gbagidi láti ìgbà tí a kò mọ̀ ni ẹ ń san, ẹ kì í sọ pé “ẹ din díẹ̀.” Ara obìnrin tó jókòó sórí àpótí ni ẹ ti ń rántí pé ẹ mọ ọjà ná.

Ẹ ní ó dọ̀tí. N kò ní purọ́: nígbà òjò, ẹrẹ̀ ń wà, ó sì yẹ kí ojú àgbàrá ibẹ̀ dára ju báyìí lọ. Ẹ fi fídíò yín bá àwọn tí wọ́n ń gba owó ọjà sọ ìyẹn, inú wa yóò dùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Ìyá kì í ṣe ìdọ̀tí. Ọbẹ̀ yín ni.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Ní Tokyo, ní ọjà ẹja Tsukiji, àwọn arìnrìn-àjò dí àwọn tó ń ta ẹja túnà ní gbàǹjo lọ́wọ́ débi pé ní ìparí ọdún 2008, wọ́n ní kí àwọn òǹwòran má wá mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ọjà náà kó lọ sí Toyosu ní 2018, ẹ̀yìn gíláàsì ni wọ́n fi àwọn tó wá wò ó sí. Ní Barcelona, ní 2015, wọ́n fi òfin de ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò ńlá ní ọjà Boqueria ní ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Sátidé, kí àwọn tó fẹ́ ra oúnjẹ lè ráyè. N kò fẹ́ gíláàsì ní Olúwo. Ọjà tí a kò lè fọwọ́ kan ẹja inú rẹ̀, ọjà kọ́ nìyẹn. Ti ìlú Kota Bharu ní orílẹ̀-èdè Malaysia ló wù mí jù. Àwọn arìnrìn-àjò máa ń lọ wo ọjà oúnjẹ kan níbẹ̀ tó jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń tajà. Siti Khadijah ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn Hadíjà, ìyàwó Ànábì, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò. Ẹni tó bá gba abẹ́ orúkọ yẹn wọlé, ó yẹ kó ti mọ irú ẹni tó fẹ́ lọ bá lórí àpótí.

Ẹ má sì sọ pé Ẹ̀pẹ́ kò mọ àlejò gbà. Ìlú tó gba Ọba Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé wọn kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, tí wọ́n sì ń fi ọdún Káyókáyó rántí rẹ̀ títí di òní, ta ni yóò kọ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní àlejò ṣíṣe? Bó bá jẹ́ fọ́tò ẹja ńlá nìkan ni ẹ ń wá, ère ẹja méjì wà ní oríta ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ yà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kì í rẹ̀ wọ́n, wọn kò sì ní oníbàárà tí ẹ ó lé lọ.

Mo ti rí àlejò gidi. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ti àwọn méjìlá wọ̀nyẹn ni obìnrin kan dé, ó ní Abẹ́òkúta ni òun ti wá, òun kò dé Ẹ̀pẹ́ rí. Ó kọ́kọ́ ní, “Ẹ kú ọjà o, ẹ ó tà jèrè.” Ó dúró títí Ìyá fi ṣe ẹja ẹni tó wà níwájú rẹ̀ tán. Ó ra ẹpìà mẹ́rin, ó ná an, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ó béèrè bí àwọn ará ìhín ṣe ń se ìkókoré, Ìyá sì fi ọ̀bẹ yàwòrán rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, láti orí ewùrà títí dé orí ẹja yíyan. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó máa lọ ló wá béèrè bóyá òun lè ya Ìyá. Ìyá ní kó dúró. Ó bọ́jú, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní kí n kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun torí aṣọ mi dọ̀tí. Obìnrin náà fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i kó tó wọkọ̀. Òun ló wà lójú WhatsApp Ìyá títí di òní.

Bí ẹ bá fẹ́ wá láti Ìkòròdú, ẹ tètè jí kí ẹ wọkọ̀ ní Sábó. Ẹ ó gba Ìmọ̀tà kọjá, ibi tí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba Èkó tí wọ́n ṣí ní 2023 wà, ẹ ó kọjá ní Ìtóìkín, kí ẹ tó dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ mú abọ́ onídèérí lọ́wọ́. A ní yìnyín. Bí òjò bá sì rọ̀ mọ́jú, ẹ wọ bàtà tí ẹ kò ní í káàánú.