Ọpọ́n eré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní London, ère kéékèèké sọ wọ́n di olówó: ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ f'Ékìtì?

Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni Games Workshop, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ère kéékèèké tí wọ́n fi ń ta eré ogun lórí tábìlì, wọ àárín ọgọ́rùn-ún ilé iṣẹ́ tó tóbi jù lọ ní ọjà ìpín ìdókòwò London. Ọ̀pọ̀ ère ọ̀hún ò ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹni tó bá rà á ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún lọ́dà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ọpọ́n ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1975, ọ̀rẹ́ mẹ́ta, John Peake, Ian Livingstone àti Steve Jackson, dá a sílẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ń gbé. Peake ló ń fi igi ṣe ọpọ́n eré. Mancala wà lára wọn, ìyẹn mọ̀lẹ́bí ayò táwọn Yorùbá ń ta. Ọdún 1979 ni wọ́n dá Citadel Miniatures sílẹ̀ fún ère ṣíṣe.

Ibi tọ́rọ̀ ti kan Ékìtì rèé. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Ékìtì, tó kú lọ́dún 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ Wembley lọ́dún 1924. British Museum ló wà dòní. Lọ́dún 1947, Fada Kevin Carroll àti Fada O'Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Ékìtì. George Bándélé, ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì, gbẹ́gi níbẹ̀, òun ló sì kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì àti ère ìbí Jésù, àwọn amòye inú rẹ̀ sì múra bí ọba Yorùbá. Ọdún 1954 ni ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé.

Kì í ṣe pé ọwọ́ àwọn ará London mọ iṣẹ́ jù. Ọ̀nà títà ló yàtọ̀. Agbẹ́gilére Ékìtì ń dúró de ọba tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó máa bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Bí oníbàárà bá lọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ní ti Games Workshop, irin kan tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí lè bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ère oníke. Wọ́n tún ń ta ọ̀dà, ìwé òfin eré àti ìtàn àwọn jagunjagun wọn, nínú ṣọ́ọ̀bù tiwọn. Ẹni tó ra ọ̀kan lónìí á padà wá lọ́la.

Lóòótọ́, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ owó gọbọi àti iná tí kì í ṣe ségesège. Ṣùgbọ́n ìtàn ò wọ́n. Ogun Kìrìjì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1877 ní Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé, ó ní òkè, ó ní ìbọn. Eré orí tábìlì ti pé síbẹ̀. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Ọ̀yẹ́ kan náà báyìí.

Bí Ékìtì ò bá tètè sọ ọ́ di ọjà, àlejò á ṣe é, àwọn ọmọ Ékìtì á sì máa fowó rà á.