Ǹjẹ́ A Lè Jogún Tẹ́tẹ́ Títa?

Láyé àtijọ́, kí àwọn òbí tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó, alárinà a kọ́kọ́ wádìí ìdílé àfẹ́sọ́nà. A bèèrè bóyá wàràpá tàbí wèrè ń bẹ níbẹ̀. A sì bèèrè bóyá wọ́n ń jalè tàbí wọ́n ń jẹ gbèsè. Bí baba bá jẹ́ ọ̀tatẹ́tẹ́ tí ó ti fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà, ọmọ ilé bẹ́ẹ̀ kì í tètè rí ìyàwó fẹ́. Òwú tí ìyá gbọ̀n ni ọmọ yóò ran. Lónìí tí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti wọ inú fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè náà tún padà dé: ǹjẹ́ tẹ́tẹ́ a máa bá ìran rìn?

Ọ̀dọ̀ àwọn ìbejì ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti wá èsì. Àwọn ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá jùmọ̀ ní gbogbo èròjà àjogúnbá tí à ń pè ní jíìnì. Àwọn tí ó ti inú ẹyin méjì wá kò jọra ju ọmọ ìyá lásán lọ. Bí tẹ́tẹ́ bá ń mú àwọn ti ẹyin kan pọ̀ ju àwọn ti ẹyin méjì lọ, a jẹ́ pé àjogúnbá lọ́wọ́ sí i. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ àwọn ìbejì ọkùnrin méjì-méjì lọ́nà 3,359 wò, Táyéwò pẹ̀lú Kẹ́hìndé, tí wọ́n ti ṣe ológun ní àkókò ogun Vietnam. Àbọ̀ rẹ̀ tí ó jáde ní 1998 fi hàn pé àjogúnbá lọ́wọ́ sí i lóòótọ́. Ní 2010, Wendy Slutske àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ìbejì 4,764 ní Ọsirélíà, lọ́kùnrin lóbìnrin: bí ìdajì ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹni tí tẹ́tẹ́ di bárakú fún àti ẹni tí kò dì í fún ni ó ti ọwọ́ àjogúnbá wá.

Ṣùgbọ́n ìdajì kì í ṣe odindi. Kò sí jíìnì kan ṣoṣo tí a lè nàka sí pé òun ni ti tẹ́tẹ́. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n, agbára olúkúlùkù kò sì tó nǹkan. Ẹni tí ó jogún wọn, bí kò bá dé ìdí tẹ́tẹ́, tẹ́tẹ́ kò lè di bárakú fún un.

Àṣà ìwádìí tọ̀nà ní ti pé ó mọ̀ pé nǹkan lè wà nínú ìran. Ó ṣìkà ní ti pé ó fi ọ̀rọ̀ baba ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí kò ta tẹ́tẹ́ rí. Láti 2013 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà ti ka tẹ́tẹ́ tí ó di bárakú mọ́ ọtí àti oògùn olóró nínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àrùn mọ̀. Ìtọ́jú ni ó sì tọ́ sí aláìsàn. Ìdílé tí ó mọ̀ pé baba ńlá kan ta ilẹ̀ nítorí tẹ́tẹ́, kí ó má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún àwọn ọmọ. Kí alárinà tó wá bèèrè rẹ̀ lójúde, kí ọmọ ti gbọ́ ọ nínú ilé.